Ẹni Tó Gbẹ́ Ulẹ̀ Yèyé

Bí ẹ bá ń gbé Ayọ̀bọ̀, tí omi kànga yín kì í gbẹ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Ṣàfíù ló gbẹ́ ẹ. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Kò ga, àyà rẹ̀ fẹ̀, àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yà síra wọn, nítorí pé ẹsẹ̀ lásán ló fi ń di ara kànga mú tó bá ń sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa níbí, oko ẹ̀gẹ́ ló pọ̀ ju ilé lọ. Ẹni tó bá ra ilẹ̀ á kọ́kọ́ pe Ṣàfíù kó tó pe bíríkìlà, torí láìsí omi, kí ni wọ́n fẹ́ fi po sìmẹ́ńtì? Òun ló máa ń kọ́kọ́ wọ inú ilẹ̀ onílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ilé á wá hù.

Tó bá ti wà nísàlẹ̀ kànga, ohùn rẹ̀ á máa gòkè wá bíi ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò ńlá. "Ẹ fà á!" Àwọn tó wà lókè á sì fa garawa erùpẹ̀ sókè. Àwa tí à ń gbé nítòsí ti mọ ohùn yẹn. Bí a bá ti gbọ́ ọ láàárọ̀, a mọ̀ pé ẹnì kan tún ti fẹ́ kọ́lé.

Yàrá tí mo háyà dojú kọ ilé ìyá ìyàwó Ṣàfíù. Ibẹ̀ ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ti ṣẹlẹ̀, ojú mi ni púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ṣe. Èyí tí mi ò bá níbẹ̀, Susanna ìyàwó rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi. Tí mo bá ń sáré jù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fà mí láṣọ. Ọ̀rọ̀ nípa bí a ṣe ń sìnkú ló gbà mí lọ́kàn, ó sì lè máa pa mí bí ọtí.

Mary ni orúkọ tí wọ́n fi sàmì fún ìyá náà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Yèyé ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe ìyá ní ìlú kékeré tó ti wá lápá Èkìtì. Opó ni. Ọkọ rẹ̀ ti kú kó tó kó wá sí Ayọ̀bọ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjì, Hope àti Susanna. Ó ra ilẹ̀, ó ní kí wọ́n bá òun pe ẹni tó ń gbẹ́ kànga. Wọ́n pe Ṣàfíù.

Ẹ ti mọ èyí tó kù. Susanna wà lára àwọn tó ń fa garawa. Kí kànga yẹn tó kan omi, ọ̀rọ̀ ti wọ̀ láàárín wọn.

"Mi ò tíì rí ojú ẹ̀ dáadáa o," Susanna ló ń sọ fún mi bẹ́ẹ̀. "Erùpẹ̀ ló bò ó látòkè délẹ̀. Ohùn yẹn ṣá! Ohùn yẹn ni mo kọ́kọ́ fẹ́."

Yèyé kọ̀. Ó ní Mùsùlùmí ni. Ó ní agbẹ́lẹ̀ ni. Ó ní ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ẹnu wọn dùn jù. Ṣàfíù lọ kó àwọn ẹbí rẹ̀ wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú iṣu, oyin, obì àti orógbó, gbogbo ohun tí wọ́n fi ń tọrọ ọmọ lọ́wọ́ ọlọ́mọ. Yèyé ò ṣí géètì. Àwọn àlejò jókòó síta títí oòrùn fi wọ̀, iṣu wà nílẹ̀ níwájú wọn, àwọn tó ń kọjá lọ ń wò wọ́n. Nígbà tó yá, wọ́n ru iṣu wọn padà. Susanna tẹ̀ lé iṣu.

Nígbà tí wọ́n bí Hamdalah, ọkàn ìyá rọ̀ sí ọmọ àti ọmọ-ọmọ. Susanna padà ń wọlé, ó padà ń jáde. Ṣùgbọ́n sí Ṣàfíù, rárá o. Yèyé ò pe orúkọ rẹ̀ rí. Oníkànga ló ń pè é, kì í sì í bá a sọ̀rọ̀ ní tààrà. Tí nǹkan bá bàjẹ́ nílé, á ránṣẹ́ pè é, á wá jókòó síta, á máa rán ọmọ-ọmọ rẹ̀ níṣẹ́ sí ẹni tó dúró níwájú rẹ̀ gan-an.

"Hamdalah, sọ fún Oníkànga pé okùn kànga ti já."

"Hamdalah, sọ fún Yèyé pé mo ti gbọ́."

"Hamdalah, bi í pé ìgbà wo ló fẹ́ wá so ó."

"Hamdalah, sọ fún Yèyé pé òun ni mo ń so lọ́wọ́ yìí."

"Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jọ̀ọ́ jàre!" Hamdalah á figbe ta. "Ọrùn ń dùn mí!"

Àwa ará àdúgbò a máa rẹ́rìn-ín. Ṣàfíù náà a máa rẹ́rìn-ín. Susanna kì í rín in.

Nínú òjò ọdún tó kọjá ni Yèyé sùn tí kò jí. Àrùn kankan ò dá a dùbúlẹ̀. Àgbà ló dà. Hamdalah ló gbé tíì lọ bá a láàárọ̀, òun ló sì kọ́kọ́ mọ̀. Nígbà tí èmi jáde síta, Ṣàfíù ti dúró sẹ́nu géètì, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀yìn, ó ń bẹ àwọn obìnrin àdúgbò tí ojú wọn ti ń kún fún omi.

"Ẹ mú un mọ́ra ná, ẹ̀yin ìyá mi. Wọn ò tíì túfọ̀ o. Ẹ̀gbọ́n Susanna, Hope, ò tíì gbọ́. Àbúrò Yèyé tó wà nílé ò tíì gbọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n túfọ̀ kí ẹkún tó jáde."

Bí mo ṣe gbọ́ "túfọ̀" yẹn, mo tẹ́tí. Mo ti máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá mi àgbà nígbà tí mo wà ní kékeré, mi ò gbọ́ ọ mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti ń fi fóònù sọ pé ẹnì kan kú. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kéde ikú ni, kò sì tọ́ kí ẹkún aládùúgbò ṣáájú rẹ̀ dé etí ẹbí. Ẹ wá wo ẹni tó ń ṣọ́ ọ! Ẹni tí òkú náà ò kí ní tààrà rí.

Láàárín ọjọ́ mélòó kan sí i, àga kún iwájú ilé, èèyàn ìlú gbogbo sì pàdé lórí àga. Etí mi ò sinmi. Ẹni tó wá láti Ọ̀yọ́ ń béèrè ibi tí wọ́n máa gbẹ́ sàréè sí. Àwọn ọmọ ìjọ Yèyé ń sọ pé ibojì. Wòlíì kan tó ń ka Bíbélì ń pè é ní isà òkú. Alága àdúgbò ní òkú àgbà ni, kí ẹnikẹ́ni má sunkún bí ẹni tó ń sunkún òkú ọ̀fọ̀, torí òkú ọ̀fọ̀ ni ti ọ̀dọ́ tó kú níṣojú òbí rẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí ọ̀rẹ́ Ṣàfíù ń béèrè ọjọ́ jánásà, ẹlòmíràn á sì rán wọn létí pé onígbàgbọ́ ni Yèyé. Ilẹ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń sọ, ilẹ̀ tí yóò gba ara kan ṣoṣo.

Nígbà náà ni Bàbá Abraham dé láti Èkìtì. Àbúrò Yèyé ni, òun ló kù tó dàgbà jù nínú ẹbí wọn. Ó gùn, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ohùn rẹ̀ ò lọ sókè. Àwọn ìyàwó ilé wọn bá a wá. Ìyàwó tirẹ̀ gan-an, Ìyá Simeon, ni olórí wọn. Obìnrin sísanra kan ni, ẹsẹ̀ ń dùn ún, ẹnu ò dùn ún rárá. Bó ṣe rí òkú Yèyé tí wọ́n ti fi oògùn tọ́jú lórí bẹ́ẹ̀dì, ọwọ́ ló fi dì mọ́ orí. "Ọkọ mi! Ọkọ mi ti lọ!" Ọmọ ilé ni Yèyé, ìyàwó tí wọ́n fẹ́ wá sílé ni òun, ọkọ ló ń pè é láti ọjọ́ tó ti wọlé.

Wọ́n ṣèpàdé ní pálọ̀. Èmi ló ń kó àga wọlé, mi ò sì yára jáde. Yèyé ti sọ nígbà ayé rẹ̀ pé inú ọgbà òun ni kí wọ́n sin òun sí. Bàbá Abraham wo ojú fèrèsé síbi tí wọ́n fẹ́ gbẹ́.

"Ta ni yóò gbẹ́ ulẹ̀?" ó béèrè.

Ulẹ̀! Kò pè é ní sàréè, kò pè é ní ibojì. Ilẹ̀ lásán ni, bí àwọn ará Èkìtì ṣe ń pe ilé ní ulé, tí wọ́n ń pe iṣẹ́ ní uṣẹ́. Mo ti dín ohùn wọn kù níbí kó lè yé gbogbo wa, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn, mi ò lè dín in kù. Nígbà tí àgbàlagbà yẹn sọ ọ́, ó dà bíi pé ilẹ̀ tí mo ti ń tẹ̀ lójoojúmọ́ níwájú ilé wa ṣẹ̀ṣẹ̀ gba orúkọ.

Ó wá là á sílẹ̀ bí ìdílé tiwọn ṣe ń ṣe é. Ọmọ ilé kì í gbẹ́ ulẹ̀ òbí rẹ̀. Àna ní í gbẹ́ ẹ. Ọkọ ọmọbìnrin àgbà ń gbẹ́ apá orí, ọkọ èyí tó tẹ̀ lé e ń gbẹ́ apá ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá ń gbẹ́ ẹ lọ́wọ́, àwọn ìyàwó ilé á jáde wá bú wọn. Bẹ́ẹ̀ ni, èébú gidi! Wọ́n á ní ọ̀lẹ ni wọ́n, wọ́n á ní wọn ò mọ ọkọ́ dì mú, wọ́n á gba nǹkan lára wọn, àna á sì máa bẹ̀bẹ̀. Ẹni tí wọn ò bá bú níbẹ̀ kì í ṣe àna. Alágbàṣe la kì í bú.

"Henry ni àna wa," Bàbá Abraham ló ń sọ̀rọ̀. Henry ni ọkọ Hope, ọmọ Abẹ́òkúta, òṣìṣẹ́ ìjọba. Ẹbí ti gba iṣu rẹ̀ tipẹ́. "Yóò gbẹ́ apá orí. Apá ẹsẹ̀..." Ó yíjú sí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Susanna, sọ fún ọkọ rẹ kó bá wa wá alágbàṣe kan tó mọṣẹ́. Òun ló mọ̀ wọ́n."

Ṣàfíù wà lábẹ́ fèrèsé, ó ń ti òpó àtíbàbà bọlẹ̀. Mo rí i tí ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Bàbá," Susanna ní, "ẹ ní alágbàṣe?"

"Ta lo fẹ́ kí n pè? Mi ò jẹ iṣu ẹnikẹ́ni lórí rẹ."

"Wọ́n gbé iṣu wá! Yèyé ni ò ṣílẹ̀kùn!"

"Ó dáa. Ṣé kí n wá ṣí i nígbà tó ti kú? Ohun tó kọ̀ láyé, èmi ni kí n wá gbà á fún un?"

Hope di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú. Ìyá Simeon ń fi ìka fa etí gèlè rẹ̀, ó ń wo ọkọ rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ìkòkò tó fẹ́ ru.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà ńbẹ̀, torí ó lè dà bí ohun kékeré lójú ẹlòmíràn. Bàbá Susanna ti kú tipẹ́, nígbà tí kò tíì mọ Ṣàfíù. Yèyé nìkan ló kù. Bí wọ́n bá ti bo ilẹ̀ yìí, kò tún sí iṣẹ́ àna kankan tí wọ́n lè pe Ṣàfíù sí mọ́ láyé. Gbogbo ọdún tó ti gbé pẹ̀lú Susanna, lójú ẹbí yẹn, ọkùnrin kan tó gbẹ́ kànga tó sì bá ọmọ ilé lọ ni yóò máa jẹ́. Hamdalah náà yóò sì lọ sílé ọkọ lọ́jọ́ kan. Àwọn ẹbí ìyá rẹ̀ yóò ha dúró ti ọmọ tí wọn ò mọ bàbá rẹ̀ bí?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Ṣàfíù jókòó sẹ́yìn ilé rẹ̀, ó ń fi fáìlì pọ́n ọkọ́. Susanna dúró lé e lórí.

"Bàbá Hamdalah, kí lẹ sọ fún wọn?"

"Mo ní mo ti gbọ́. Mo ti pe Rídwàn. Ó mọṣẹ́."

"Ẹ ti gbọ́! Títí dìgbà wo lẹ ó máa gbọ́ ọ lọ? Ṣé ẹ ò lẹ́nu ni?"

"Ẹnu wà."

"Ẹ lọ gbẹ́ ẹ! Ta ló fẹ́ di yín mú? Gbogbo Ayọ̀bọ̀ lẹ gbẹ́ tán, ti ìyá mi nìkan lẹ ò lè gbẹ́!"

Ṣàfíù gbé fáìlì sílẹ̀. Susanna ní òun ò rí i kó fi ojú bẹ́ẹ̀ wo òun rí.

"Susanna, tí mo bá bọ́ sínú ilẹ̀ yẹn tí wọn ò bú mi ńkọ́?"

Susanna wo ọkọ́ ọwọ́ rẹ̀.

"Tí wọ́n bá dákẹ́, tí wọ́n kàn ń wò mí, alágbàṣe ni mí nìyẹn, níwájú gbogbo èèyàn, níwájú ọmọ mi. Ó ti parí nìyẹn. Bí mi ò bá wọ̀ ọ́, ó kéré tán, a ò tíì mọ̀."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, òjò ti dá, ilẹ̀ rọ̀. Wọ́n fi èèkàn àti okùn wọn ibi tí wọ́n fẹ́ gbẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ọsàn Yèyé. Bàbá Abraham jókòó lórí àga lábẹ́ igi náà. Henry ká ṣòkòtò sókè, wọ́n fún un ní ọkọ́. Ẹ̀yìn ti ń yọ ọ́ lẹ́nu tipẹ́, gbogbo wa la mọ̀, ṣùgbọ́n ó sọ ọkọ́ sílẹ̀ lápá orí tagbáratagbára.

Àwọn ìyàwó ilé ti tú jáde.

"Ẹ wá wo àna wa! Ó ń fi ọkọ́ pa ilẹ̀ lórí bí ẹni ń rẹ ọmọ!"

"Ẹ rọra o, á jí ilẹ̀!"

"Ọ́fíìsì ló ti kọ́ ọ. Ẹ bá a wá àga kó jókòó gbẹ́ ẹ!"

"Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ ṣàánú mi," Henry ń mí hẹlẹhẹlẹ, "mo ṣì ní ọmọ tí mò ń tọ́!"

"Ọmọ ta ni? Ọmọ wa ni! Ẹ gba bàtà ẹsẹ̀ ẹ̀!"

Wọ́n gba bàtà rẹ̀, wọ́n sá lọ. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, àwọn tó ń sunkún náà rẹ́rìn-ín nínú ẹkún. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé mo pàtẹ́wọ́, mo wá rántí ibi tí mo wà, mo kó ọwọ́ mi sẹ́yìn. Henry gbẹ́ apá tirẹ̀ dé orúnkún, ó jáde, wọ́n fà á lọ́wọ́.

Ó wá ku apá ẹsẹ̀.

Rídwàn gbé ṣọ́bìrì, ó tẹ̀ síwájú. Èébú dáwọ́ dúró lójijì, àwọn obìnrin ń tún ìró wọn so. Iṣẹ́ lásán ló kù. Ṣàfíù ti dúró láti àárọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó dé fìlà funfun rẹ̀, ó di ọkọ́ tó pọ́n mú.

"Rídwàn."

"Ọ̀gá mi?"

"Gbé e sílẹ̀."

"Ọ̀gá, kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé kò tíì tó àsìkò ni?"

"Ibi tèmi nìyẹn. Máa lọ jókòó."

Ó kọjá níwájú Bàbá Abraham, ó tẹrí ba fún un, kò dúró gbàṣẹ. Ó ní "Bísímílááì," ó sì wọ inú ilẹ̀ lápá ẹsẹ̀.

Bàbá Abraham gbé orí sókè. Kò sọ nǹkan kan. Àwọn ìyàwó ilé wo ojú rẹ̀, wọ́n rí i pé kò sọ nǹkan kan, àwọn náà ò sì sọ nǹkan kan.

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn! Ó ṣì wà létí mi. Ọkọ́ ń lọ, ọkọ́ ń bọ̀. Mo ti rí Ṣàfíù lẹ́nu iṣẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Kò sí ìgbà tí kì í sọ̀rọ̀, kò sí ìgbà tí kì í kọrin. Lọ́jọ́ yìí, a ò gbọ́ ju èémí rẹ̀ lọ. Susanna dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, kò lè wá síwájú, torí ọmọ òkú kì í sún mọ́ ibẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan bo ẹnu. Hamdalah di garawa omi mú, ó ń wo bàbá rẹ̀, ó tún ń wo àwọn obìnrin, ó sì ti yé e. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó ti yé e.

Ilẹ̀ ibẹ̀ ní àfọ́kù ìgò nínú. Àwọn tó ṣáájú Yèyé níbẹ̀ ti fi ṣe ààtàn rí. Ẹni tó bá ń gba owó iṣẹ́ á kó gbogbo rẹ̀ sókè pẹ̀lú erùpẹ̀, wọ́n á sì padà dà á lé òkú lórí nígbà tí wọ́n bá ń bò ó. Ṣàfíù ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gbé ọkọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó kúnlẹ̀, ó ń fi ìka wá àfọ́kù ìgò náà nínú ilẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò rí ibi tí yóò kó o sí. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé e sórí ilẹ̀ lókè, ó ń kó àfọ́kù náà sínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fi àtẹ́lẹwọ́ pa ilẹ̀ náà kó dán, níbi tí ẹsẹ̀ Yèyé máa wà.

Ìyá Simeon fi ẹsẹ̀ tó ń dùn ún wọ́ wá sétí ilẹ̀. Ó wo fìlà. Ó wo Ṣàfíù. Ó tún wo fìlà. Ó ti pẹ́ tó ti ń wò ó.

"Ìwọ ọkùnrin yìí," ó ní, ohùn rẹ̀ sì kan gbogbo ọgbà. "Ulẹ̀ la ní kí o gbẹ́ fún wa, àbí ìrẹsì lò ń ṣà?"

Ọkọ́ dúró.

"Ìyá Simeon!" Bàbá Abraham ti fẹ́ dìde lórí àga.

"Ẹ̀n-ẹ́n, mò ń gbọ́ yín, baálé mi."

"Ta lò ń bú?"

"Àna mi ni."

"Àna wo? Iṣu ẹ̀ dà?"

"Ẹ fi iṣu sílẹ̀." Ó na ọwọ́ sí Hamdalah. "Ọmọ tó gbé omi dání yìí ńkọ́? Tó jọ Yèyé bí ẹni pé ó pọ̀ ọ́? Ṣé kànga ló bí i?"

Ẹnì kan pa ẹ̀rín mọ́nú lẹ́yìn, kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó bú jáde. Bó ṣe ṣí sílẹ̀ nìyẹn. Gbogbo wọn rọ́ wá sétí ilẹ̀.

"Àbí ẹ ò rí i, ó kúnlẹ̀! Iṣẹ́ ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn!"

"Kò mọ̀ ju kó gbẹ́ roboto lọ! Ẹ sọ fún un pé ìyá wa gùn o, kó má lọ ká a kò!"

"Wọ́n ní ẹnu ọmọ Ọ̀yọ́ dùn. Ẹnu ọ̀hún dà? Ó ti yadi!"

"Fèsì! Àna tí ò lè fèsì, kí la fẹ́ fi ṣe?"

Ṣàfíù ò gbé orí sókè. Èjìká rẹ̀ ń mì, a ò sì mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún. Nígbà tó yá, ohùn yẹn jáde wá láti inú ilẹ̀, ohùn inú ìkòkò tí gbogbo wa mọ̀, ṣùgbọ́n ó ti fọ́.

"Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra bú mi. Mi ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń fèsì."

Àwọn obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò sì pẹ́ kó tó yí padà. Ìyá Simeon ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, "Ọkọ mi o, ọkọ mi," àwọn yòókù gbà á, wọ́n ń sunkún Yèyé pẹ̀lú ẹnu tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi bú àna rẹ̀. Susanna jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn. Hope lọ jókòó tì í.

Bàbá Abraham dìde. Mo rò pé ó fẹ́ wọlé lọ. Ó rìn wá sétí ilẹ̀, ó dúró, ó wo ibi tí Ṣàfíù ti fi ọwọ́ pa ilẹ̀ dán. Kò wá Hamdalah kó rán an sí i. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ̀rọ̀.

"Gbẹ́ ẹ kó jìn. Ẹ̀gbọ́n mi ò fẹ́ràn ariwo."

"Mo ti gbọ́, bàbá."

"Ọ̀rọ̀ iṣu yẹn ṣì wà nílẹ̀ o."

"Ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ kí n gbé e wá, bàbá."

Àgbàlagbà náà ò sọ ọjọ́ kankan. Ó padà lọ jókòó. Ìyá Simeon da àfọ́kù ìgò inú fìlà sínú garawa, ó gbọn fìlà náà, ó fi sábẹ́ apá. Ṣàfíù na ọwọ́ láti gbà á. Ìyá Simeon gbá a lọ́wọ́. "Máa gbẹ́lẹ̀ ẹ! Bó o bá fẹ́ ẹ, wá bá wa nílé, kí o wá bẹ̀bẹ̀."

Wọ́n sin Yèyé lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Òjò ò rọ̀. Ilẹ̀ náà gún, ó mọ́, kò sí ìgò kan nínú erùpẹ̀ tí wọ́n dà sórí rẹ̀. Àwọn ìyàwó ilé padà sí Èkìtì, wọ́n kó bàtà Henry lọ, wọ́n sì kó èyí tí wọ́n gbà lọ́wọ́ Ṣàfíù lọ pẹ̀lú.

Lẹ́yìn ìgbà yẹn, èmi àti Ṣàfíù pàdé ní ọjà tó wà ní Command, ó wá ra okùn, mo bá a rù ú. Ọláṣùpọ̀ tó ń ta irin níbẹ̀ ti mọ̀ ọ́n láti Ògbómọ̀ṣọ́.

"Ṣàfíù, kí ló dé tó o ń rìn lórí òfìfo bí ọmọdé? Fìlà ẹ dà?"

Ṣàfíù ń ka okùn lé èjìká mi lọ́wọ́. Nígbà tó máa sọ ọ́, ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣàròyé, bí ọkọ èyíkéyìí ṣe ń ráhùn nípa ẹbí ìyàwó rẹ̀.

"Fi mí sílẹ̀ jàre. Àwọn àna mi ló gbà á."